Rélùwéè Tí Kò Dé Oǹdó

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Bí a bá rìn jìnnà, a ó rí abuké erin. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè ọ̀rọ̀ kan. Bí ẹnì kan bá tu owó jọ fún ọdún méjì, tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú, tó sọdá òkun, tó sì lọ dúró sínú òtútù láti àárọ̀ di alẹ́, kí lẹ rò pé ó ń wá lọ? Ṣé wúrà ni, àbí ìyàwó? Ọkọ̀ ojú irin ni o! Kì í sì í ṣe èyí tuntun tó ń dán gbinrin. Ògbólógbòó ọkọ̀ ojú irin tó ń rú èéfín ló ń wá lọ, pẹ̀lú òpó irin tí wọ́n fi ń dá a dúró, tí wọ́n sì fi ń ní kó máa lọ. Á gbé kámẹ́rà dání, á máa fi etí sí ariwo ẹ̀rọ náà bí ẹni tó ń gbọ́ ìwàásù, á sì padà sílé tayọ̀tayọ̀.

Irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, ní Jámánì, ní Amẹ́ríkà àti ní Japan. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ nípa wọn, ẹ̀rín ni mo fi rín. Mo ní àwọn òyìnbó yìí ò níṣẹ́ ṣe. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo jókòó tí mo rò ó, mo rántí pé èmi náà ti ṣe ohun kan náà rí. Mo kúrò l'Óǹdó lọ sí Òṣogbo nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mọ́kànlá, nítorí kí n ṣáà lè fojú rí ọkọ̀ ojú irin. Ìtàn yẹn ni mo fẹ́ sọ fún yín. Ó kọ́ mi lọ́gbọ́n, ibì kan sì wà nínú rẹ̀ tó ń dùn mí títí di òní.

BÀBÁ RÉLÙWÉÈ

Ẹni tí wọ́n bí l'Óǹdó tàbí ní Àkúrẹ́ mọ̀ pé a ní kòkó, a ní igi gẹdú, a ní ọba aládé, ṣùgbọ́n a ò ní rélùwéè. Nígbà tí mo wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tíṣà wa ya àwòrán ọkọ̀ ojú irin sára pátákó, ó fi ṣọ́ọ̀kì ya èéfín lé e lórí, ó ní ká pè é, a sì pè é. Àwa ọmọ tó wà ní kíláàsì lé ní ogójì. Kò sí ẹyọ ẹnì kan nínú wa tó ti rí i rí. Ọ̀rẹ́ mi kan tilẹ̀ dìde, ó bèèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ló ń yí i bó bá dé kọ́nà?" Tíṣà ní kó jókòó, kó má da kíláàsì rú. Ó tó ogún ọdún lẹ́yìn náà kí n tó mọ̀ pé tíṣà pàápàá ò mọ̀ ọ́n.

Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀ ọ́n ní àdúgbò wa ní Yábà, l'Óǹdó. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni. Gbogbo àdúgbò ló ń pè é ní Bàbá Rélùwéè. Ìgbà tó wà lọ́dọ̀ọ́ ló ti kúrò nílé, ó lọ gba iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin. Ó ṣe é ní Òkukù, ó ṣe é ní Ọ̀fà, kó tó fẹ̀yìn tì, tó wá padà sídìí oko kòkó bàbá rẹ̀. Pọ́ìǹtìmáànù ni, ìyẹn ẹni tó ń yí irin padà kí ọkọ̀ lè bọ́ sí ọ̀nà tó yẹ kó gbà.

Ohun mẹ́ta ló gbé bọ̀ láti ẹnu iṣẹ́: aago àpò kan, fèrè kan, àti àtùpà kan tí wọ́n fi irin dúdú ṣe. Àtùpà yìí ni gbogbo àwa ọmọdé mọ̀ ọ́n mọ́. Gíláàsì mẹ́ta ló ní nínú: funfun, pupa àti aláwọ̀ ewé. Bí wọ́n bá mú iná lọ lálẹ́, Bàbá á bu kẹrosíìnì sí i, á tàn án, á gbé e jókòó sí iwájú ilé. Eré wa nìyẹn. Bó bá yí i sí àwọ̀ ewé, a ó máa sáré yí àgbàlá ká. Bó bá yí i sí pupa, gbogbo wa á dúró gbagidi lójú kan. Ẹni tó bá mira, ó ti pa èrò inú ọkọ̀ nìyẹn, á lọ jókòó. Bàbá kì í fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣeré. Bí ó ti ń sọ ọ́, ojú rẹ̀ kì í rẹ́rìn-ín.

Ní ọjọ́ kan mo ní kó ṣàlàyé ọkọ̀ ojú irin fún mi, kí n lè lọ fi ṣe fọ́ńté níwájú àwọn ẹgbẹ́ mi. Ó gbìyànjú, ó gbìyànjú, ó wá dákẹ́. Ó ní, "Ọmọ mi, ẹnu ò lè rò ó tán. Bí ẹ bá ti gba họ́lídé, màá mú ọ lọ wò ó."

Ó sì ṣe é bẹ́ẹ̀. Ní kùtùkùtù ọjọ́ Sátidé kan a wọ mọ́tò l'Óǹdó, a gba Òkè-Igbó lọ sí Ifẹ̀, kí a tó wọ òmíràn lọ sí Òṣogbo. A ò tíì dé Òkè-Igbó tí Bàbá fi na ọwọ́ sí ojú títì. Ó ní, "Ṣé o rí ọ̀nà tí a wà yìí? Nígbà kan rí, kò sí ọ̀nà tó tó o lókìkí. Rélùwéè ló gba ọlá lọ́wọ́ ẹ̀."

Èmi rò pé àpárá ló ń dá. Kì í ṣe àpárá.

Ọ̀NÀ OǸDÓ

Ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn díẹ̀. Ṣáájú ọdún 1872, ọ̀nà tó ti Èkó wọ inú ilẹ̀ Yorùbá gba ọwọ́ Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú. Bí ìjà bá ti bẹ́ sílẹ̀, wọ́n á ti ibodè, ọjà á dúró gbọnyin. Glover tó ń ṣe àkóso Èkó nígbà náà, ẹni tí àwọn ará Èkó ń pè ní Gólóbà, wá ọ̀nà mìíràn tí kò ní gba ọ̀dọ̀ wọn kọjá. Ní ọdún 1872 ni wọ́n la ọ̀nà ìlà oòrùn, tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí Ọ̀nà Oǹdó. Oníṣòwò á wọ ọkọ̀ ojú omi ní Èkó, á gba orí ọ̀sà títí dé Ayésàn. Láti ibẹ̀ á fi ẹsẹ̀ rìn dé Òde Oǹdó, á kọjá sí Òkè-Igbó, sí Ifẹ̀, títí dé Iléṣà àti ilẹ̀ Èkìtì. Ìjà abẹ́lé ti tú Oǹdó fúnra rẹ̀ ká fún ọdún pípẹ́ kó tó di ìgbà náà. Ìlàjà tó bá ọ̀nà yìí rìn wà lára ohun tó mú kí àwọn èèyàn padà wálé wá tún Òde Oǹdó tẹ̀ dó.

Ẹ má fi ojú kékeré wo ọ̀nà yẹn o. Nígbà tí ogun Kírìjì ń jà láàárín Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀, àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà ní Èkó ló ń fi ìbọn ìgbàlódé ránṣẹ́ sílé, Ọ̀nà Oǹdó ni wọ́n sì ń gbà kó o. Ìbọn wọ̀nyí wà lára ohun tí Ìbàdàn kò fi lè borí wọn, títí wọ́n fi tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà ní 1886. Iyọ̀, aṣọ, ìbọn, ìwé ìyìn rere: Oǹdó ni ẹnu ọ̀nà gbogbo wọn.

Ọdún mẹ́wàá péré lẹ́yìn àlàáfíà yẹn, ní 1896, àwọn òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í to irin láti Ìddó ní Èkó. Irin náà gba Abẹ́òkúta. Ní 1901 wọ́n ṣí i dé Ìbàdàn. Ní 1907 ó dé Òṣogbo, ní 1908 ó dé Ìlọrin, ní 1909 ó dé Jẹ́bbà létí odò Ọya. Nígbà tó fi máa di 1912, ọkọ̀ ojú irin ti ń lọ dé Kánò, wọ́n sì ti pa rélùwéè Èkó àti ti Bárò sí Kánò pọ̀ di ọ̀kan.

Ẹ wo ohun tí èyí ṣe. Àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó kó lọ sí Òṣogbo, wọ́n kọ́ ilé ìtajà síbẹ̀. Àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń ta aṣọ láwìn, tí a mọ̀ sí òṣómàáló, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ra ọjà. Àwọn ará Èkìtì ń ru ẹ̀kùrọ́ lórí lọ síbẹ̀. Ọjà tí ìbá gba Oǹdó dé orí ọ̀sà, orí irin ló gbà. Kò sí ẹni tó gbógun tì wá, kò sí ẹni tó ti ibodè mọ́ wa. Irin ló gba ibòmíràn kọjá. Bẹ́ẹ̀ ni Ọ̀nà Oǹdó tó ti lókìkí ṣe di ọ̀nà tí a fi ń lọ sí ìlú kejì.

Ọ̀nà yẹn kan náà ni èmi àti Bàbá gbà lọ wo rélùwéè, ẹ jọ̀wọ́.

ÀWO RÓBÓTÓ

Ó ń lọ sí aago mọ́kànlá nígbà tí a dé Òṣogbo. Bàbá ò mú mi lọ síbi tí èrò ń jókòó sí. Ó mú mi gba ẹ̀gbẹ́ irin títí a fi dé ìdí òpó gíga kan. Apá irin kan nà gbọọrọ lórí rẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn bá na ọwọ́ láti dínà.

Ó ní, "Bó o bá rí i bẹ́ẹ̀, dúró ló wí. Ì báà jẹ́ gómìnà ló wà nínú ọkọ̀, kò gbọdọ̀ kọjá. Bó bá ti ṣẹ́ kúrò ní gbọọrọ, ọ̀nà ti là nìyẹn."

Mo ní, "Bàbá, bó bá di alẹ́ ńkọ́?"

Ó ní, "O ti gbàgbé àtùpà mi ni? Gíláàsì pupa àti aláwọ̀ ewé wà lókè yẹn náà, iná wà lẹ́yìn wọn."

Mo bi í pé ta ló ń fa apá náà. Ó fi wáyà kan hàn mí tó gba ẹ̀bá ilẹ̀ lọ sí ibi tí àwọn ọ̀pá ìfà wà. Ó ní bí oòrùn bá mú gan-an, wáyà á nà, apá ò ní fẹ́ ṣẹ́ dáadáa, wọ́n á tún un fà kó le. Bí ilẹ̀ bá tutù, á tún sún kì. Òṣìṣẹ́ tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ á ti mọ bí ojú ọjọ́ ṣe rí kí ojú rẹ̀ tó wò ó.

Ó wá jókòó sórí òkúta kan, ó ní, "Ṣùgbọ́n apá yẹn nìkan ò tó. Irin kan ṣoṣo ló lọ láti ibí dé Kánò. Ọkọ̀ tó ń lọ ń gbà á, ọkọ̀ tó ń bọ̀ ń gbà á. Kí ni kì í jẹ́ kí wọ́n forí sọ ara wọn?"

Mo ní mi ò mọ̀. Ó fi ìka ya ohun róbótó kan sí àtẹ́lẹwọ́ mi. Ó ní, "Tábúlẹ́ẹ̀tì."

Ẹ̀yin ará, kì í ṣe oògùn ibà. Àwo róbótó kan ni, kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, wọ́n kọ orúkọ teṣàn méjì sára rẹ̀. Ní teṣàn kọ̀ọ̀kan ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n to àwo wọ̀nyí sínú rẹ̀, wáyà sì so ẹ̀rọ teṣàn méjì tó tẹ̀ lé ara wọn pọ̀. Kí teṣàn kìíní tó lè yọ àwo kan jáde, teṣàn kejì gbọ́dọ̀ gbà fún un. Bí ọ̀kan bá sì ti jáde, ẹ̀rọ méjèèjì á tì gbagba. Kò sí ẹni tó lè yọ òmíràn mọ́, àfi bí wọ́n bá dá èyí tó wà níta padà sínú ẹ̀rọ, ì báà ṣe níhìn-ín tàbí lọ́hùn-ún. Awakọ̀ tí kò bá ní àwo náà lọ́wọ́ kò gbọdọ̀ wọ ojú irin. Níwọ̀n ìgbà tó sì jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo ló lè wà níta, ọkọ̀ méjì ò lè pàdé.

Bí ọkọ̀ kò bá ní dúró, wọ́n á ki àwo náà bọ inú àpò awọ tó ní òrùka ńlá lókè. Òṣìṣẹ́ á dúró lẹ́bàá irin, á gbé òrùka sókè, ẹni tó wà lórí ẹ̀rọ á na apá, á fi gbà á bí ọkọ̀ ti ń lọ. Bàbá ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó fi àpá kan hàn mí nítòsí ìgunpá. Òrùka ló ṣe é níbẹ̀ lóru ọjọ́ kan. Ó ní, "Ó ya mí lára, ṣùgbọ́n mi ò jẹ́ kó bọ́."

Ìgbà tí mo dàgbà ni mo kà nípa bí wọ́n ṣe hùmọ̀ àwo yìí. Ní alẹ́ ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹsàn-án ọdún 1874, ní Thorpe lẹ́bàá ìlú Norwich ní Gẹ̀ẹ́sì, àwọn òṣìṣẹ́ ṣi ara wọn gbọ́ lórí wáyà tẹlifíráàmù, wọ́n jẹ́ kí ọkọ̀ méjì wọ ojú irin kan ṣoṣo láti òpin méjèèjì. Wọ́n forí sọ ara wọn nínú òkùnkùn. Èèyàn 25 ló kú. Lẹ́yìn èyí ni ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Edward Tyer jókòó ti ọ̀rọ̀ náà, nígbà tó sì di 1878, ó ti ṣe ẹ̀rọ alábùúlẹ́ẹ̀tì jáde. Ikú àwọn 25 yẹn ló bí àwo tó wà lọ́wọ́ Bàbá ní Òkukù. Ìdí nìyẹn tí Bàbá kì í fi í rẹ́rìn-ín bí a bá mira nígbà tí iná pupa bá ń jó.

Ọkọ̀ náà dé nígbà tí aago mẹ́rin kọjá díẹ̀. Apá irin ṣẹ́. Ilẹ̀ kọ́kọ́ gbọ̀n, kí n tó gbọ́ ìró, kí n tó rí i. Mo di aṣọ Bàbá mú. Ẹ̀rọ oní-díísù ni, kì í ṣe eléèéfín. Àwọn eléèéfín ti lọ nígbà náà, títí kan àwọn tí wọ́n fi orúkọ odò sọ, tí Bàbá máa ń kà lórí ìka bí oríkì. Ṣùgbọ́n lójú mi, kò sí ohun tó tóbi tó o láyé. Èrò ń sọ̀ kalẹ̀, àwọn obìnrin ń gbé ẹrù gba ojú fèrèsé, Bàbá sì dúró ṣánṣán bíi sójà. Nígbà tí ọkọ̀ tún gbéra, ó bọ́ fìlà.

ÀWỌN TÓ Ń SỌDÁ ÒKUN

Ní báyìí tí ẹ ti mọ irú ẹni tí mo jẹ́, ẹ ó mọ ìdí tí mi ò fi lè máa fi àwọn òyìnbó wọ̀nyẹn rẹ́rìn-ín mọ́.

Ní Wales, rélùwéè kékeré kan wà tó ń jẹ́ Talyllyn. Nígbà tí ẹni tó ni ín kú ní 1950, gbogbo èèyàn rò pé ó parí. Ṣùgbọ́n àwọn kan tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ rélùwéè, tí òǹkọ̀wé kan tó ń jẹ́ L. T. C. Rolt jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú wọn, dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì ń wa ọkọ̀ náà fúnra wọn láti 1951 láìgba owó oṣù. Òun ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní gbogbo ayé. Nígbà tó di oṣù kẹjọ ọdún 1968, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá ẹ̀rọ eléèéfín dúró lórí àwọn ojú irin rẹ̀ ńláńlá. Láti ìgbà náà ni àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ti ń wá a kiri òkè òkun.

Wọ́n lọ sí Gúúsù Áfíríkà. Wọ́n lọ sí Íńdíà láti wọ ọkọ̀ Darjeeling tó ń gun òkè láti 1881, tí àjọ UNESCO sì kà mọ́ ohun ìní gbogbo ayé ní 1999. Wọ́n lọ sí Ṣáínà, níbi tí wọ́n ṣì ń ṣe ẹ̀rọ eléèéfín tuntun ní Datong títí di 1988. Ní ìparí 2005, nígbà tí ẹ̀rọ eléèéfín fẹ́ kúrò lórí ojú irin Jitong, wọ́n wá láti ibi gbogbo wá dúró sínú yìnyín láti dágbére fún un. Àwọn mìíràn ò tilẹ̀ wo ẹ̀rọ. Òpó sígínà àti ọ̀pá ìfà ni tiwọn, nítorí kọ̀ǹpútà ti gba iṣẹ́ yẹn ní ìlú wọn.

Èyí tó wù mí jù ni ti Eritrea, ní ilẹ̀ Áfíríkà wa níbí. Àwọn ará Ítálì ló to irin láti Massawa létí òkun gun òkè dé Asmara ní 1911. Ogun wá bà á jẹ́, wọ́n tú irin rẹ̀ lọ fi kọ́ ihò tí àwọn ológun ń sá sí. Nígbà tí wọ́n gba òmìnira ní 1993, wọ́n fẹ́ tún un ṣe, owó tí àwọn àjèjì ń bèèrè sì ti pọ̀ jù. Wọ́n bá pe àwọn òṣìṣẹ́ àtijọ́ jáde látinú ilé. Àwọn mìíràn nínú wọn ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Àwọn arúgbó wọ̀nyí ló kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́, wọ́n sì tún irin náà tò, ó parí ní 2003. Àwọn àlejò láti Yúróòpù wá ń fi owó ńlá háyà ọkọ̀ eléèéfín náà.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ti Sàró, kí ẹ fi mọ ewu tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Rélùwéè wọn ti wà kí tiwa tó dé Ìbàdàn. 1899 ni wọ́n ṣí apá kìíní rẹ̀. Ní 1974 wọ́n tì í pa, wọ́n sì tú irin rẹ̀. Ní 1975, ẹgbẹ́ kan ní Wales tó ní rélùwéè Welshpool àti Llanfair ra ẹ̀rọ kan tó ń jẹ́ nọ́ńbà 85 àti kóòsì mẹ́rin lára rẹ̀, wọ́n fi ọkọ̀ òkun gbé wọn lọ. Ọmọ Sàró tó bá fẹ́ wọ ọkọ̀ tí bàbá rẹ̀ wọ̀ lọ sílé ìwé, ó di Wales! Yóò gba físà kó tó lè wọ rélùwéè ilé rẹ̀.

Ọlọ́run ṣe é, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló lọ. Àwọn ẹ̀rọ kan ṣẹ́ kù nínú ilé iṣẹ́ àtijọ́ ní Cline Town, ní Freetown. Wọ́n la ogun abẹ́lé já níbẹ̀. Ọ̀gá ológun Gẹ̀ẹ́sì kan tó fẹ́ràn rélùwéè rí wọn ní 2004, ó pariwo síta, àwọn ọmọ Sàró sì fọwọ́ sí i, wọ́n nù wọ́n, wọ́n kùn wọ́n, ní 2005 wọ́n sì ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Kóòsì tí wọ́n kàn sílẹ̀ de ìbẹ̀wò Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì ní 1961 wà níbẹ̀. Àwọn àlejò ń ti òkè òkun wá wò ó.

ÀTÙPÀ

Àwa náà ní díẹ̀. Ní Ẹ̀búté Mẹ́ta, ilé kan wà tí wọ́n kọ́ ní 1898, tí wọ́n fi sọ orí Jaekel, òyìnbó tó ti ṣiṣẹ́ rélùwéè níbí, tó sì kọ ìtàn rẹ̀ sínú ìwé mẹ́ta tó jáde ní 1997. Ẹgbẹ́ Legacy tún ilé náà ṣe, wọ́n sì kó àwòrán àti ohun èlò àtijọ́ rélùwéè sínú rẹ̀. Ó yẹ ní ohun tí à ń lọ wò. Ṣùgbọ́n ilé kan ò lè gba ìmọ̀ gbogbo àwọn tó ṣiṣẹ́ láti Ìddó dé Kánò. Inú àwọn èèyàn ni èyí tó pọ̀ jù wà.

Ibí yìí ni mo ti dé ibi tó ń dùn mí. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwé ìròyìn ní Àkúrẹ́, mo sọ fún Bàbá Rélùwéè pé màá wá jókòó tì í, màá kọ gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Inú rẹ̀ dùn. Ó bi mí pé, "Ọjọ́ wo?" Mo ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ di oṣù tó ń bọ̀. Oṣù di ọdún. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọ̀nà náà, ẹ mọ̀ pé láti Àkúrẹ́ sí Oǹdó kò ju ìrìn wákàtí kan lọ. Òyìnbó sọdá òkun láti lọ wo ohun tí Bàbá mọ̀. Èmi ò lè sọdá odò Ọ̀wẹnà.

Ó kú ní àárọ̀ ọjọ́ kan lẹ́yìn òjò. Lẹ́yìn ìsìnkú, nígbà tí ojú rọlẹ̀ díẹ̀, mo bèèrè àtùpà rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Wọ́n wo ara wọn. Àwọn tí ń ti kẹ̀kẹ́ ẹrù kiri ra irin àlòkù ti wá. Wọ́n ti ta àtùpà náà pọ̀ mọ́ ìkòkò tó jò àti egungun kẹ̀kẹ́ ológeere kan, owó tí wọ́n gbà ò ra búrẹ́dì méjì. Mi ò lè bínú sí wọn. Wọn ò mọ̀ pé ní Gẹ̀ẹ́sì gbàǹjo wà tí wọ́n ti ń du irú àtùpà bẹ́ẹ̀ mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Èmi tí mo mọ̀, kí ni mo ṣe? Àwo róbótó wà lórí òrùka, Bàbá gbé e sókè fún mi fún ọdún gbọọrọ, èmi ni mi ò na apá.

Nítorí náà, ẹ̀yin òǹkàwé mi, bí ẹ bá ní bàbá àgbà tó ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Òṣogbo, ní Ọ̀fà, ní Ìbàdàn, ní Sáríà tàbí níbikíbi, ẹ lọ bá a lọ́sẹ̀ yìí, kì í ṣe ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Fóònù tó wà lápò yín lè gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ bi í bí wọ́n ṣe ń fa wáyà nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Ẹ bi í orúkọ àwọn ẹ̀rọ. Ẹ gbé àtùpà rẹ̀ kúrò níbi tí àwọn olírin àlòkù ti lè rí i.

Ní ti Oǹdó, a ṣì ń retí. Ní 2014 wọ́n tọwọ́ bọ̀wé lórí rélùwéè etí òkun tí yóò ti Èkó lọ sí Kàlàbá, tí yóò sì gba Orè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó kọjá. Irin kò tíì dé Orè. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹfà ọdún 2021, wọ́n ṣí èyí tuntun láti Èkó dé Ìbàdàn, kìlómítà 157, ojú irin rẹ̀ sì fẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ.

Nígbà họ́lídé kan, mo mú ọmọ mi ọkùnrin láti Àkúrẹ́ lọ sí Ìbàdàn, a wọ̀ ọ́ lọ sí Ẹ̀búté Mẹ́ta. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni. Ó fi imú lẹ́ gíláàsì fèrèsé, kò sọ̀rọ̀ títí. Nígbà tí a dé ibi tí irin ti tẹ̀, ó yíjú sí mi.

Ó ní, "Dádì, ta ló ń yí i bó bá dé kọ́nà?"

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi lé sí mi lójú. Mo sọ fún un pé irin fúnra rẹ̀ ló ń yí i. Ṣùgbọ́n bí ọ̀nà bá pín sí méjì, ẹnì kan ní láti yan èyí tí ọkọ̀ máa gbà, kí èrò inú rẹ̀ lè délé. Mo ní ní ayé àtijọ́, ní Òkukù, bàbá wa kan ni ẹni náà.

Ó ní, "Ẹ sọ tiẹ̀ fún mi."

Mo sọ ọ́ títí a fi dé Èkó.